Èmi Ni Mo Yan Kòkó Lórí Iná Ẹja, Ìyá Arúgbó Ni Wọ́n Dá Lẹ́bi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo mọ̀ yín. Ìtàn ọkọ tó gbé ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ fẹ́ràn, àti ti aya tó kó ẹrù ọkọ sá lọ. Èmi ò gbé ìyàwó ẹnikẹ́ni o. Kòkó ni mo fi dalẹ̀. Tí ẹ bá rò pé ìyẹn kéré, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Tíṣà ni mí ní Ẹmùré-Èkìtì. Timothy lorúkọ mi. Gbogbo ìlú ti gbọ́ tán, kí ni mo tún fẹ́ fi bò?

Lọ́dún 2003 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkìtì wa ò tíì pé ọdún méje, owó oṣù tíṣà sì máa ń wá nígbà tó bá wù ú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ní oko. Èmi jogún oko kòkó bàbá mi, lábà kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìsẹ̀.

Ọdún tó ṣáájú ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire, níbi tí wọ́n ti ń gbin kòkó jù lọ láyé. Àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í wá kòkó kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ ilé nù. Iye tí wọ́n ń ra kòkó bá gòkè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọkùnrin kan dìde níbi àdúrà, ó ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó rántí àgbẹ̀. A ké àmín. Kò sẹ́ni tó béèrè pé àwọn tí ìbọn ń pa lọ́hùn-ún ńkọ́. Èmi gan-an, àmín tèmi ló ròkè jù.

Ogun yẹn ló gbé Akínlolú dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni, ó ń bá ilé iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń kó kòkó lọ sókè òkun ṣiṣẹ́. Ó pe ẹgbẹ́ àwọn olókòkó abà wa jọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àwọn oníṣòwò tó ń wá síbí ń da rere pọ̀ mọ́ búburú, iye kan náà ni wọ́n sì ń san. Ilé iṣẹ́ wa ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kòkó tí ẹ bò mọ́ abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, tí ẹ sá sínú oòrùn, la fẹ́. Ẹ má sá a sójú títì. Ẹ má fi iná yan án. Tí ẹ bá ṣe é dáadáa lọ́dún yìí, a ó máa ra tiyín lọ́tọ̀ lọ́dọọdún, a ó sì gbẹ́ ẹ̀rọ omi sábà yín."

Bàbá Adégbóyèga, alága wa, fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ojú títì la ti ń sá kòkó láti ujọ́ tí wọ́n ti da ọ̀dà sí i. Ṣé òyìnbó kankan kú ni?"

"Wọn ò kú, bàbá. Wọ́n kàn ń gbóòórùn ọ̀dà nínú ṣokoléètì."

"Ẹni tó ń jẹ nǹkan dídùn, kí ló ń fi umú ṣe níbẹ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi ti wọ àwọn obìnrin létí. Odò tí wọ́n ń pọn jìnnà, ẹlẹ́ran sì ń fi màlúù rìn nínú rẹ̀. Wọ́n ní a gbà. Nígbà tí àwọn obìnrin bá ti gbà, ìpàdé parí nìyẹn.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, nítorí mo gbọ́ òyìnbó, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára. Èmi ni mo kọ òfin náà sára páálí gàgàrà, tí mo kàn án mọ́ ara ògiri ilé tí a ń kó kòkó sí: KÒ SÍ OJÚ TÍTÌ. KÒ SÍ INÁ. Mo tilẹ̀ fa ìlà pupa sábẹ́ INÁ. Ẹ rántí pé èmi ni mo fà á o.

Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tí kòkó rẹ̀ dà bíi ti Ìyá Oyèbámijí. Opó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orí pẹpẹ ọparun ni wọ́n ń sá kòkó sí, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa ṣa èyí tó pẹlẹbẹ kúrò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá àwọn ọmọ wí. Akínlolú bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́wọ́, ó fọ́ ọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará, irú èyí ni wọ́n ń wá káàkiri ayé." Inú ìyá náà dùn débi pé wọ́n fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà odindi ìdì kan.

Òjò oṣù Kẹsàn-án ló kó bá mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, oòrùn ò yọjú. Àwọn tó wà nílé ń kó kòkó wọlé bí òjò bá ṣú, wọ́n ń kó o síta bí ó bá dá. Èmi wà níwájú pátákó, mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Bí mo bá dé lọ́sàn-án, kòkó mi á ti mu omi yó. Funfun bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ọlábísí ìyàwó mi ń ta ẹja. Ẹja yìnyín ni, èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé wá láti òkèèrè. Ó máa ń lọ gbé e nínú páálí ní Àkúrẹ́, pàńlá àti ṣawá, á yan án lórí ààrò onídúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìnkùlé wa, á sì tà á lọ́jà Ẹmùré àti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ló lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Ìjàn. Ààrò ẹja wà lófìfo.

Mo dé láti ilé ìwé lọ́jọ́rú, mo wo kòkó, mo wo ààrò. Mo ní, "Timothy, ìwọ lo kọ òfin." Mo tún ní, "Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ òfin ló mọ ibi tí òfin mọ." Irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀mọ̀wé fi ń pa ara rẹ̀ nìyẹn. Mo dá iná. Mo tẹ́ kòkó sórí wáyà tí pàńlá máa ń sùn lé. Ní ọ̀sán Jimọ́, ó ti gbẹ, ó ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo gbé e sí imú. Mo gbóòórùn, mo tún gbóòórùn. Kò rùn rárá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sùn nínú ilé yẹn. Ẹja wà nínú aṣọ mi, nínú ìrọ̀rí mi, nínú Bíbélì mi. Imú mi ti kú sí ẹja pátápátá, mi ò sì mọ̀.

Mo ru àpò mi lọ síbi ìkójọ. Bí a ṣe ń ṣe ni pé gbogbo wa máa ń da kòkó pọ̀ sójú kan, a ó fi ṣọ́bìrì pò ó pọ̀, kí ó lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí a tó wá dì í sínú àpò tuntun tí ilé iṣẹ́ fún wa. Mo da tèmi sórí ti Ìyá Oyèbámijí. Wọ́n ní, "Tíṣà, o kú uṣẹ́ o, tìẹ náà gbẹ!" Mo ní, "Màmá, oore Ọlọ́run ni." Akẹ́rù gbé e lọ, gbogbo ará abà jó ijó ayọ̀.

Ó di oṣù Kìíní. Akínlolú sáré gba abà kọjá lórí ọ̀kadà, ó ń lọ sí Òde-Èkìtì bá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Ó já lẹ́tà kan sọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ ò dáa. "Ẹ kà á fún wọn, Tíṣà. Mò ń padà bọ̀ nínú oṣù Kẹta, èmi àti ọ̀gá."

Mo ṣí i nínú kíláàsì. Wọ́n ní kòkó wa ń rùn, àwọn ò gbà á. Wọ́n ní èéfín wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹja tún wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ti fi díẹ̀ ṣe ṣokoléètì fún àwọn atọ́nǹkanwò, ọ̀kan nínú wọn sì ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ri orí ẹja bọ inú ṣúgà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò tíì kọ̀ wá sílẹ̀. Wọ́n á rán ènìyàn wá. Tí a bá rí ohun tó fà á, tí a sì ṣàtúnṣe, wọ́n á tún gbìyànjú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń yan ẹja ní gbogbo abà wa, abẹ́ òrùlé mi ló sì ń sùn.

Nípàdé, mo dìde, mo gbé awòjú wọ̀, mo ń kà á lédè Yorùbá ní gbólóhùngbólóhùn. Mo kà "èéfín" sókè. Nígbà tí mo dé ibi ẹja, ikọ́ gbé mi. Mo wúkọ́ tán, mo bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e.

"Èéfín!" Alága na ìka sókè. "Taa ló dáná sídìí kòkó?"

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo búra fún yín, ó wà lórí ahọ́n mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ jẹ́ ká yẹ ilé ìdáná olúkúlùkù wò."

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe: ẹ̀yìnkùlé ni ààrò tèmi wà, kò sí nínú ilé ìdáná. Mo mọ ẹni tí ilé ìdáná rẹ̀ wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí pẹpẹ kòkó.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Ìyá Oyèbámijí, ògiri ilé ìdáná wọn dúdú bí inú ìkòkò. Bàbá Adégbóyèga wo ògiri, wọ́n wo pẹpẹ, wọ́n mi orí.

Ìyá ní, "Ulé ùdáná ni! Ṣé kó funfun ni? Láti ujọ́ tí ẹ ti kọ òfin yín ni mo ti ń jẹ uṣu tútù. Mè dáná nígbà tí kòkó bá wà níta. Ẹ bi mí léèrè ujọ́ tí mo jẹ ọbẹ̀ gbígbóná kẹ́yìn!"

"Èéfín ò lè ti ọ̀run wá, Ìyá Oyè."

"Éè ṣe èmi! Adégbóyèga, a jọ dàgbà. Éè ṣe èmi."

Ẹgbẹ́ dá wọn dúró. Wọn ò gbọ́dọ̀ kó kòkó wọlé àjọ mọ́. Ta ni yóò kọ lẹ́tà? Akọ̀wé ni. Mo kọ ọ́ dáadáa, mo fi déètì sí i, mo sì gbé e lọ fún wọn. Wọn ò mọ̀wé, nítorí náà èmi náà ni mo kà á sí wọn létí.

Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Tíṣà, ìwọ tí o kàwé, ṣé ìwọ náà gbà pé èmi ni?"

Mo ní, "Màmá, ẹgbẹ́ ló sọ ọ́."

Wọ́n ní, "Mè bi ẹgbẹ́ léèrè. Ìwọ ni mo bi."

Mo ní mo ń lọ máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé. Mo sá.

Látìgbà yẹn, wọn kì í jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Àwọn tí wọ́n ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ kòkó láti ọdún pípẹ́ ń gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá. Oníṣòwò ojú ọ̀nà ló ń ra kòkó wọn, ó ń dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn tó ń sá a sójú títì. Kòkó tí wọ́n ń ṣa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan!

Èmi ò lè jẹ ẹja mọ́. Ọlábísí wo àwo mi, ó wo ojú mi. "Ṣé o ti lóyún ni?" Mo ní ikùn ń run mí. Ó ní, "Ìwọ tó ń jẹ orí pàńlá bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Oṣù Kẹta dé. Akínlolú dé pẹ̀lú òyìnbó gíga kan tó ń jẹ́ David. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn obìnrin gún iyán, wọ́n sì se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, Ọlábísí wà nínú wọn, ó ń gbé omi kiri. Ìyá Oyèbámijí náà wá. Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé, wọn ò sì lọ.

David yọ ọ̀rá kan jáde nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó dì pinpin. Ó sọ̀rọ̀, Akínlolú sì túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní kòkó tiyín rèé, látinú àpò tí ẹ kó ránṣẹ́. Ó ní kí ẹ fúnra yín gbóòórùn rẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rá náà kiri láti imú dé imú. Bàbá Adégbóyèga gbóòórùn, wọ́n ní, "Èéfín ni, àbí? Nǹkan míì tún wà níbẹ̀." Ẹni tó tẹ̀ lé wọn ní, "Ó jọ nǹkan tí mo mọ̀." Ẹnì kẹta fa imú títí, ó ní ebi ń pa òun.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká jẹun ná, oúnjẹ ń tutù."

"Jókòó, Tíṣà," Alága ní.

Ọ̀rá dé ọwọ́ Ọlábísí. Ó gbé e sí imú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ tàn bí ìgbà tí ènìyàn rí ọmọ rẹ̀ láàárín èrò.

"Háà! Pàńlá mi rèé!"

Gbogbo orí yí sí i.

"Pàńlá mi ni, mo mọ̀ ọ́n! Ihá ẹyìn ni mo fi ń dáná rẹ̀, kò sí ẹlòmíì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ẹmùré." Ó yí sí Akínlolú tayọ̀tayọ̀. "Báwo ni pàńlá mi ṣe dé ilẹ̀ òyìnbó?"

Akínlolú ní, "Ìbéèrè tí àwa náà ń bi yín nìyẹn, mà. Ọ̀rọ̀ ẹja wà nínú lẹ́tà tí a kọ. Ṣé Tíṣà ò kà á fún yín ni?"

Ayọ̀ ojú Ọlábísí kú díẹ̀díẹ̀. Ó wo ọ̀rá, ó wò mí. Mo rí i nígbà tó ń rántí Ìjàn, tó ń rántí ààrò tó fi sílẹ̀ lófìfo, tó ń rántí ikùn tó ń run mí.

"Bàbá Dáraọlá," ó ní wẹ́rẹ́, "kí lo yan sórí ààrò mi?"

Ẹ̀yin ará, ilẹ̀ ò lanu. Mo retí pé kó lanu, kò lanu. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti òjò, ti ààrò, ti ikọ́ tí mo wú. Ohùn mi ń gbọ̀n bíi ti ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ojú tì mí, ó tì mí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

David béèrè ohun tí mo wí. Akínlolú túmọ̀ rẹ̀ fún un. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ pọ́n, ó nu omijé nù. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì ti ìwé náà pa. Mo mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èmi náà máa ń kọ ọ́ nípa ọmọ tó fìdí rẹmi.

Wọn ò padà wá mọ́. A gbọ́ pé Gánà ni wọ́n yí sí. Mo bínú sí wọn nígbà náà, mo ń bínú sí wọn síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ló ń jẹ wàràkàṣì tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ sójà. Òkun tiwọn lọ́hùn-ún ni ẹja yẹn ti wá, wọ́n dì í ní yìnyín, wọ́n tà á fún wa, a yan án, a dá òórùn rẹ̀ padà fún wọn nínú kòkó. Wọ́n lè ta tiwọn fún wa bó ṣe wù wọ́n, tiwa ni wọ́n ń fi imú yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún wa kedere, èmi ni mo kọ ọ́ sára ògiri, èmi náà ni mo rú u.

Wọn ò gbẹ́ ẹ̀rọ omi. Bí àwọn obìnrin bá ru garawa kọjá níwájú ilé mi, wọ́n á kígbe pé, "Tíṣà, a ń lọ pọn omi o, ṣé kí a bá ẹ kí pàńlá?" Ọlábísí ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì, bẹ́ẹ̀ ni ọjà rẹ̀ ń gbèrú sí i. Àwọn ènìyàn ń ti Ìsẹ̀ wá ra ẹja tó lọ sókè òkun láìgba físà.

Ẹgbẹ́ yọ mí nípò akọ̀wé. Wọ́n ní kí n lọ bẹ Ìyá Oyèbámijí, wọ́n sì tẹ̀ lé mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé wọn, nínú eruku.

Ìyá ní, "Dìde, aṣọ ilé ìwé rẹ á dọ̀tí. Mè bá ọ jà."

Bàbá Adégbóyèga ní, "Ìyá Oyè, a ti ṣẹ̀ yín. Ẹ padà wá sínú ẹgbẹ́."

Ìyá ní, "Ẹ wọ ulé ùdáná mi, ẹ fọwọ́ pa ògiri mi, ẹ ò béèrè ohun tí mo jẹ. Kòkó tí mo bá ní, mo ti rí ẹni tí mò ń tà á fún. Ẹ máa lọ ulé."

Ìyá ò padà sínú ẹgbẹ́ títí dòní. Oníṣòwò ojú ọ̀nà ni wọ́n ń tà á fún.

Ìwọ tó ń kà mí, tí wọ́n bá gbé lẹ́tà lé ọ lọ́wọ́ láti kà fún àwọn tí kò mọ̀wé, kà á tán. Má wúkọ́. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn kékeré ni, ṣùgbọ́n èmi ò rí ẹni tó fún mi nígbà náà.

Mo ṣì ń gba iwájú ilé Ìyá Oyèbámijí lọ sílé ìwé láràárọ̀. Wọ́n á ti wà nídìí pẹpẹ wọn, wọ́n á ti máa ṣa kòkó. Mo máa ń kúnlẹ̀ lórí eékún kan, mo máa ń ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Wọ́n máa ń dá mi lóhùn dáadáa, wọ́n á béèrè Dáraọlá ọmọ mi, wọ́n á béèrè ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú oòrùn tó mú bí iná, láìsí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run, wọ́n á dìde, wọ́n á fi tapólíìnì bo gbogbo kòkó wọn títí n ó fi kọjá.